Mẹ́tàdínlógún Tí Titus Kò Jí

Ilé Màámi,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Òkukù.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹrin, 1996.

Bọ̀dá Jọláyẹmí,

Mo kí yín o. Mo kúnlẹ̀ kí yín, nítorí pé Màámi ló bí àwa méjèèjì, ẹ̀yin ni wọ́n sì kọ́kọ́ bí, mi ò lè yí ìyẹn padà. Mo gbà á ládùúrà kí ara yín le, kí ara ìyàwó yín le, kí Ayọ̀mikún ọmọ yín máa dàgbà nínú ọgbọ́n, kí ọgbọ́n náà sì ju ti bàbá rẹ̀ lọ fíìfíì. Èmi náà wà láàyè. Màámi ní kí n kí yín, àmọ́ wọn ò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká lẹ́tà yìí sápò bí ẹ ṣe ká méjì tí mo kọ ṣáájú. Mi ò kọ ọ́ láti bẹ̀ yín. Tí inú bá ń bí yín bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ mọ̀ pé inú ti ń bí èmi láti ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá títí di òní, síbẹ̀ mò ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Ìkìrun lójoojúmọ́, mò ń tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá, mò ń kí èèyàn ẹ káàárọ̀. Ìbínú ò pa mí. Kò ní pa ẹ̀yin náà.

Ọ̀rọ̀ Titus ni. Titus àfẹ́sọ́nà mi, tí ẹ pè ní olè nínú pálọ̀ Màámi, níwájú bàbá àti ìyá tó bí i, lọ́jọ́ tí wọ́n wá láti mọ̀ wá nítorí mi. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ló ń wọ mọ́tò lọ sí Kàdúná lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ó ní tí òun bá lọ pẹ̀lú orúkọ tí ẹ sọ òun, òun ò ní padà wá fẹ́ mi mọ́. Kò pariwo rárá nígbà tó ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò ṣeré. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, Bọ̀dá. Òun ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí kọ̀ǹpútà yín, nítorí òun lẹ fi bà mí láyé jẹ́. Ọdún 1992 lẹ gbé e wá láti Èkó nígbà tí ilé iṣẹ́ yín fẹ́ dà á nù. Ó ti gbó nígbà yẹn, ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Ẹ gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, Màámi rán aṣọ funfun bò ó, ẹ sì ń pariwo fún gbogbo àdúgbò pé láti Òkukù dé Ìkìrun, ilé wa nìkan ni kọ̀ǹpútà wà. Kí lẹ wá ń fi ṣe? Géèmù. Ẹ̀yin àgbàlagbà, oníyàwó, ẹ ó dé lọ́dún Kérésì àti lọ́dún Àjíǹde, ẹ ò ní kí ará ilé dáadáa, ẹ ó ti jókòó ti mọ́tò kékeré tó ń sáré lójú gíláàsì. Tí mọ́tò bá fẹ́ yà sí kọ́nà, ẹ̀yin náà á fi gbogbo èjìká yà tẹ̀lé e. Èmi ni mo ń fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe ohun tó ní láárí. Orin ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ni mò ń tẹ̀ sínú rẹ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí mo bá wálé.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Èèyàn á máa tẹ nǹkan lọ, ojú rẹ̀ á kàn dúdú. Mo ní kí Titus wá wò ó láti Inísà, níbi tó ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn, ó sì ti lọ kọ́ ti kọ̀ǹpútà kún un ní Òṣogbo. Ó tú u níwájú èmi àti Màámi. Ẹ wá wo eruku! Òkú ọmọńlé méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹyin aáyán ò sì lóǹkà. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé gbá gbogbo rẹ̀ kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dè é padà, ó ní kí Màámi má máa fi aṣọ bò ó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí ooru ló ń pa á. Iyán ló jẹ, kò gba kọ́bọ̀. Nọ́ńbà aláwọ̀ ewé tó máa ń tàn níwájú rẹ̀, 33, 33 náà ló ń tàn nígbà tó parí. Èmi ni mo tàn án, ojú ara mi ni mo fi rí i.

Kérésì wá dé, ẹ̀yin náà dé. Ẹ mú géèmù tuntun wá nínú dísìkì, ẹ ní Olúfẹ́mi, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ló fún yín. Lọ́jọ́ kejì Kérésì, ẹ jókòó tì í láti àárọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ń bú mọ́tò pé ó ń sáré jù, pé kó tó di pé ẹ gbé ọwọ́, ó ti lọ forí sọ igi. Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbọ́ tí ẹ ń hó pé ẹ ti jẹ géèmù. Ẹ jẹ, ẹ tún jẹ, ẹ ní kò sẹ́ni tó lè bá yín fà á ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo bá yín yọ̀, ẹ ò rí òmùgọ̀ bí!

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó láti tẹ orin ìkórè. Mo tẹ lẹ́tà kan. Kò jáde. Mo lọ bu omi mu, mo padà dé, lẹ́tà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Mo pè yín. Ẹ ní kí n dìde, pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Hùn-ùn! Ẹ kọ́kọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni gbá rédíò. Ẹ ní Nẹ́pà ni, ẹ lọ yá sitebiláísà ní ilé kejì. Kò yí padà. Ẹ ní ọyẹ́ ló mú un, ẹ gbé e jáde sínú oòrùn lórí ẹní tí Màámi ń sá èlùbọ́ lé, ẹ ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin kúrò lára rẹ̀. Kò yí padà. Ẹ wá ní ó ti kún jù, pé ó yẹ kí á dín ẹrù rẹ̀ kù. Kí lẹ pa rẹ́? Orin tí mo ti ń tẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹ ò bi mí léèrè. Géèmù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ẹ ò fọwọ́ kan ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà ni ojú yín bọ́ sí nọ́ńbà yẹn. 16 ló ń tàn. Ẹ lọgun pe Màámi láti ibi ìdáná, ẹ ní, "33 ni tẹ́lẹ̀, ẹ wò ó, 16 ló kù! Ọmọkùnrin Inísà yẹn ti yọ mẹ́tàdínlógún nínú rẹ̀, ó ti lọ tà á!" Mẹ́tàdínlógún kí ni? Kò sẹ́ni tó bi yín. Èmi tí mo kàwé gan-an ò bi yín. Màámi tí wọn ò mọ̀ bóyá omi ló ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ tàbí epo ti ká ọwọ́ lérí, wọ́n ní, "Mẹ́tàdínlógún! Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti sọ ọ́ délé Bàbá Adéjàre, àbúrò bàbá wa.

Ẹ mọ̀ pé ọgbọ̀njọ́ oṣù náà ni àwọn ará ilé Titus ń bọ̀. Ẹ ò ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú iṣu àti èso, kí ìyá rẹ̀ ró aṣọ tuntun, kí wọ́n jókòó. A ò tíì ṣe àmín àdúrà tán tí ẹ fi dìde, ẹ gbé kọ̀ǹpútà wá sáàárín èrò, ẹ tàn án, ẹ ní kí gbogbo ayé wo nọ́ńbà. Ẹ pe ọkọ àfẹ́sọ́nà mi lólè. Titus wò ó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, mi ò ní pẹ́." Ẹ fa wáyà yọ lára ògiri! Ẹ ní, "O fẹ́ wá kó èyí tó kù!" Bọ̀dá, ó ti na ìka rẹ̀ nígbà náà. Ó kù díẹ̀ kó kàn án. Mo máa ń rántí ìka yẹn nígbàkígbà tí mo bá wà nídìí iṣẹ́.

Ẹ ní kó búra. Ẹ gbé Bíbélì Màámi kalẹ̀, ẹ tan àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe nínú ìjọ Aládùúrà tiwa. Titus ní, "Ìjọ tiwa kì í búra, sà. Wọ́n kọ́ wa pé kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mú nǹkan kan níbẹ̀." Ẹ sì fò sókè, ẹ ní, "Ẹ rí i! Ó ń sá fún Bíbélì!" Bàbá Adéjàre mi orí. Nínú ilé wa, ẹni tí kò bá búra ti jẹ́wọ́ nìyẹn, kò sì sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó rò pé ẹnì kan lè kọ ìbúra nítorí pé ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Bàbá Titus mú fìlà wọn. Ìyá rẹ̀ kàn ń fi ọwọ́ na aṣọ tuntun yẹn títí wọ́n fi jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà, torí mi ò fẹ́ ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ̀bi. Inú ìjọ wa ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tó kọ Bíbélì yẹn, mo ní nínú ara mi pé, àbí ó mú un ni? Titus bojú wò mí kó tó jáde, ó fẹ́ mọ̀ bóyá màá sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ìyẹn ni mi ò lè fi ji ara mi títí di òní, mi ò sì fi ji ẹ̀yin náà, torí ẹ̀yin lẹ fi mí sí ipò yẹn.

Ẹ padà sí Èkó ní tiyín, ẹ fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Kí oṣù Kìn-ín-ní tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Ìkìrun. Àwọn èèyàn ń lọ gba rédíò wọn tí kò tíì tún ṣe, wọ́n ní kó má baà yọ mẹ́tàdínlógún nínú tiwọn. Ọ̀gá ilé ìwé kan ní Eko Ende, lẹ́bàá Ìkìrun, tó ti ní kó wá máa tọ́jú ẹ̀rọ àwọn ránṣẹ́ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ní Inísà, ilé bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké ń pè é ní Mẹ́tàdínlógún tó bá ń kọjá. Ní ìparí oṣù Kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi, kò fẹ́ kí n dárúkọ kọ̀ǹpútà rárá, ó ní kí n máa lọ kí n má baà pàdánù bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde tó kọjá yìí ni mo mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ ò wálé, ṣùgbọ́n Olúfẹ́mi wá kí Màámi. Ó rí kọ̀ǹpútà lábẹ́ aṣọ, ó ní kí á tàn án kí òun ṣeré díẹ̀. Bó ṣe rí nọ́ńbà, ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní, "Jọláyẹmí ò tíì tẹ bọ́tìnnì yìí padà láti Kérésì?" Mo ní bọ́tìnnì wo. Ó ní ọmọ bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ Turbo sí lára níwájú rẹ̀ ni. Ó ní géèmù tí òun fún yín ti pẹ́, pé ẹ̀rọ tí kò yára ni wọ́n ṣe é fún, ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi ń sáré jù. Ó ní òun ti sọ fún yín l'Ékòó pé tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, gbogbo kọ̀ǹpútà á rọra máa rìn, nọ́ńbà tó ń fi bó ṣe yára tó hàn á sì wálẹ̀, ẹ ó lè jẹ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ṣe tán, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Ó na ìka, ó tẹ̀ ẹ́. 16 lọ, 33 dé. Mo jókòó, mo tẹ orúkọ mi, ó jáde wàrà kí n tó gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ gbà mí o! Màámi ní, "Ṣé ó ti dá a padà ni?" Mo ní, "Màámi, kò sẹ́ni tó mú un." Mo ṣàlàyé ẹ̀ẹ̀mejì kó tó yé wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ní, "Jọláyẹmí? Jọláyẹmí mi?" Olúfẹ́mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rò pé ẹnì kan kú ni. Mo sunkún débi pé mi ò lè sin ín jáde. Ẹ ò lè sọ fún mi pé ẹ ò rántí, Bọ̀dá. Ọwọ́ yín lẹ fi tẹ̀ ẹ́, torí kí ẹ lè jẹ nínú eré mọ́tò inú gíláàsì. Bí ẹ bá sì gbàgbé lóòótọ́, ṣé ẹ ò wá lè rántí nígbà tí wọ́n ń fi èèyàn ṣẹ̀sín níwájú yín?

Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ kà dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, mo ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Màámi wọ bọ́ọ̀sì láti Òkukù lọ sí Inísà, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Titus ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé. Màámi kúnlẹ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lójú àwọn aládùúgbò. Màámi, tí wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá ju obìnrin yẹn lọ! Ìyá Titus náà kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde, àwọn méjèèjì jọ wà nílẹ̀, wọ́n jọ ń sunkún. Titus ló jáde wá gbé Màámi dìde. Ó ní, "Ẹ má kúnlẹ̀ fún wa mọ́, Mà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́. Kí ẹni tó sọ ọ́ wá sí ibi tó ti sọ ọ́, kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ níwájú àwọn tó gbọ́ ọ. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa fẹ́ Adéjọkẹ́, mi ò ní lọ sí Kàdúná kankan." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn eruku kúrò lára ìró Màámi, ó sì sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò.

Nítorí náà, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú pálọ̀ Màámi. Bàbá Adéjàre ti ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ará Inísà sì ti gbà láti wá. Mi ò ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀, mi ò ní kí ẹ mú nǹkan kan wá. Ẹ kàn dìde dúró, kí ẹ sọ pé, "Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì, Titus ò mú nǹkan kan," kí ẹ tún jókòó. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: pé kò sí àyè lẹ́nu iṣẹ́, pé àkọ́bí kì í wá bẹ àna, pé ẹ̀yin lẹ wà nípò bàbá wa. Ipò bàbá wa kẹ̀? Ká ní bàbá wa wà láyé tí ọ̀rọ̀ yìí bá wọn báyìí, wọn ò ní dúró de lẹ́tà.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín lójú ọ̀nà tí ẹ bá ń bọ̀. Tí ẹ ò bá ń bọ̀, kó ṣọ́ yín níbi tí ẹ bá jókòó sí, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe Ayọ̀mikún ní ohun tí kò ṣe láéláé, kó má sì fún un ní ẹ̀gbọ́n tí yóò gbọ́ òótọ́ tí kò ní sọ ọ́. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Òun ò ṣẹ̀ mí.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo tí ẹ ní láyé,
Adéjọkẹ́.

Mo tún rántí: Bọ́sẹ̀dé tó mú lẹ́tà yìí wá kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má dààmú rẹ̀. Ẹ fi ìka pa ìwé yìí, ẹ ó rí i pé ó ń ṣí sí yín lọ́wọ́. Ẹ̀dà ni. Mo fi pépà kábọ̀n sábẹ́ ìwé nígbà tí mò ń kọ ọ́, èyí tí mo fi bírò kọ gan-an wà lọ́wọ́ Bàbá Adéjàre. Mo ti sọ fún wọn pé tí a ò bá rí yín ní aago mẹ́wàá, kí wọ́n kà á sókè fún gbogbo ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tí mo ti sọ ohun tí mo rò nípa Titus lọ́jọ́ náà. Kò tíì gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi rí. Ẹ wá sọ tiyín kí wọ́n tó ka tèmi.